Okùn Agogo Méjì

Suvi Brod lorúkọ abúlé wa.
Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ibi tí ènìyàn ti ń la odò kọjá lẹ́sẹ̀ gbígbẹ.
Irọ́ ni. Bí yìnyín orí òkè bá ti yọ́,
odò Tamíṣì a wọlé wa láìkan ilẹ̀kùn,
a gbé ewúrẹ́ ará Rùmáníà fún ará Húńgárì,
a gbé bàtà ará Húńgárì sẹ́nu ọ̀nà Sẹ́ẹ̀bù,
ọ̀sẹ̀ kan gbáko la ó fi máa dá ẹrù ara wa padà.

Bọ́ọ̀sì Fiẹ́nà já mi sílẹ̀ ní ìdájí
lábẹ́ òpó iná tí ẹyẹ àkọ̀ kọ́lé lé.
Àkọ̀ ti lọ. Ìtẹ́ ló kù.
Òdòdó a-wojú-oòrùn ti dúdú lórí ìdúró,
wọ́n dorí kodò bí ọmọ iléèwé tí kò mọ ìdáhùn.
Ọgọ́rùn-ún ilé ló wà níbẹ̀.
Èéfín mọ́kàndínlógún ni mo kà.

Radivoj bàbá mi ló ń fa agogo ìjọ wa, ti Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì.
Nígbà tí Ferenc tó ń fa ti Kátólíìkì kú,
àlùfáà wọn, tó ń fi alùpùpù sá káàkiri abúlé mẹ́fà,
mú kọ́kọ́rọ́ wá bá a:
“Ìwọ náà ni. Ta ló tún kù tó ní èjìká?”
Láti ọjọ́ náà, okùn méjì, ọkùnrin kan.
Kérésìmesì lẹ́ẹ̀mejì, Àjíǹde lẹ́ẹ̀mejì;
ààwẹ̀ nìkan ni kò gbà kó di méjì.

Èdè Húńgárì ló fi ń kawó, torí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kíkà.
Ti Rùmáníà ló fi ń pe àgùntàn,
ti Slofákì ló fi ń ná oyin lọ́wọ́ Ondrej.
Ṣùgbọ́n bí òòlù bá bà á níka, Sẹ́ẹ̀bù ni,
Sẹ́ẹ̀bù tí n kò lè kọ síbí.

Ọdún kan wà tí àwọn ọkùnrin kan ti ìlú ńlá wá,
wọ́n gbé tábìlì sábẹ́ igi mọ́bẹ́rì,
wọ́n ní kí kálukú wá wí ohun tó jẹ́, kí àwọn kọ ọ́ sílẹ̀.
Etelka, ìyá bàbá mi, ní: “Ohun tí mo jẹ?
Mo jẹ búrẹ́dì Floarea láàárọ̀ yìí,
mo sì jẹ Zuzana ní gbèsè iyọ̀. Ẹ kọ ìyẹn.”
Akọ̀wé rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò kọ ọ́.
Lọ́dún yẹn ilé méje tìlẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó lé wọn.
Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dúró.

Etelka ló kú lánàá.

Ìlù agogo ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti ọkùnrin, ẹ̀ẹ̀mejì ni ti obìnrin.
Mo bá bàbá mi nínú ilé ìṣọ́ Kátólíìkì,
okùn lọ́wọ́ rẹ̀, kò fà á.
“Ibí ni wọ́n ti rì í bọmi,” ó ní, “ọ̀hún ló ti ṣe ìyàwó.
Bí mo bá fa ti ibí, ilé ọkọ a rò pé mo ti dá a padà.”
Ìdà oyin ṣì wà lọ́wọ́ Ondrej nígbà tó wọlé.
“Gbé okùn yìí fún mi,” ó ní. “Lọ fa ti ọ̀hún.”

Wọn kò bára mu rárá. Tiwa ti sán,
ti Kátólíìkì sì ń ṣáájú bí ajá tó já lókùn.
Àgùntàn Trajan gbórí sókè nínú pápá.
Mo dúró lójú ọ̀nà láàrin méjèèjì,
ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì,
mi ò mọ èyí tí mo lè kẹ̀yìn sí.

Lálẹ́, bàbá mi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì:
okùn ti bó o dé ẹran.
“Tìrẹ ńkọ́?” ó bi mí. “Ṣé ó ṣì rọ̀?”
Ọjọ́ Àìkú ni bọ́ọ̀sì Fiẹ́nà ń padà.